Bí Àwọn Awòràwọ̀ Ṣe Ń Pín Ìràwọ̀ sí Ẹ̀yà

Ẹni tí ó bá gbé ojú sókè ní alẹ́ tí òṣùpá kò sí yóò rí i pé àwọ̀ ìràwọ̀ kò dọ́gba. Òmíràn pọ́n rúsúrúsú, òmíràn funfun, òmíràn sì ń tàn bí aró tí a fi omi là. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti dé àgbẹ̀dẹ rí: irin inú iná ẹwìrì a kọ́kọ́ pọ́n, bí ooru bá sì ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa súnmọ́ funfun.

Ṣùgbọ́n àwọn awòràwọ̀ kì í wo àwọ̀ nìkan. Bí a bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá, yóò tàn ká bí òṣùmàrè, àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín yóò sì hàn nínú rẹ̀. Èròjà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlà tirẹ̀.

Ìlà wọ̀nyí ni Williamina Fleming, ará Scotland tí ó ti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rí nílé ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ Harvard ní Amẹ́ríkà, fi pín ìràwọ̀ tí ó ju 10,000 lọ, nínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1890. Lẹ́tà A ni ti àwọn tí ìlà háídírójìn wọn hàn jù, B tẹ̀lé e, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ní 1901, Annie Jump Cannon, tí etí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátápátá, yọ èyí tí ó pọ̀ nínú lẹ́tà náà kúrò, ó sì tún ìyókù tò, kí ẹ̀yà kan lè máa yí sí èkejì díẹ̀díẹ̀: O, B, A, F, G, K, M. Ìdí nìyí tí ètò náà fi dà bí ẹni pé ọmọdé ni ó kọ ọ́. O ni ó gbóná jù. M ni ó tutù jù, bí a bá lè pe ohun tí ó gbóná ju irin yíyọ́ lọ ní tútù. G ni oòrùn wa.

Kí ni ó mú kí ìlà wọn yàtọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí a fi dá wọn ni kò dọ́gba. Ní 1925, Cecilia Payne, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé pé ooru ni. Háídírójìn wà nínú O, ó sì wà nínú M. Ooru tí ó pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù ni kì í jẹ́ kí ìlà rẹ̀ hàn dáadáa. Ìṣirò rẹ̀ tún fi hàn pé háídírójìn ni ó pọ̀ jù lọ nínú ìràwọ̀. Henry Norris Russell, àgbà láàrin àwọn awòràwọ̀ ìgbà náà, sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Payne. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé iye náà kì í ṣe òótọ́. Ní 1929, Russell gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Payne ti dé ibẹ̀ ṣáájú òun.