Ẹ jẹ́ ká mọ̀: "Má fọwọ́ kàn án!"

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà ní Mont-Bouët, ọjà ńlá Libreville, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́ta nawọ́ sí tòmátì, ìyá pariwo, ọmọ fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Dókítà ará Ítálì kan, Maria Montessori, fi ojú mìíràn wo ọwọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kínní ọdún 1907, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Róòmù. Ó ní ọwọ́ ni ọmọdé fi ń kọ́gbọ́n. Ló bá ṣètò àga àti tábìlì tí ọmọ lè dá gbé, ó kó ohun èlò sórí pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọ tó. Ọmọ á mú èyí tó wù ú, á lò ó títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, á sì dá a padà sáyè rẹ̀. Bí igi roboto kan lára ohun èlò náà kò bá wọ ihò rẹ̀, igi náà ló máa sọ fún un pé ó ti ṣì í. Olùkọ́ kò ní í bú u.

Òmìnira yìí kì í ṣe ìwàkuwà o: ọmọ tó bá ń da ọmọ mìíràn láàmú, wọ́n á dá a dúró.

Kò sì dìgbà tí a bá rí owó ilé ìwé ńlá. Ní ìsọ̀ yín, ẹ gbé abọ́ kékeré fún ọmọ yín, kó máa ṣa àlùbọ́sà ńlá sọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀. (Ẹ má fún un ní ata rodo, nítorí ojú!) Nílé, ẹ fi ife kékeré síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kó máa bu omi mu fúnra rẹ̀. Omi á dà sílẹ̀. Ẹ fi àkísà síbẹ̀ pẹ̀lú.