Òkè, Odò àti Pápá: Ta Ni Ìgbafẹ́ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Wà Fún?

Láti ọdún 1830 tí Ṣódẹkẹ́ ti ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá wá fi abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ṣe ibi ìsádi, kò sí ohun tí ara ń fẹ́ kí ó tó jí pépé tí ilẹ̀ yìí fi du àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí: òkè ń bẹ, odò Ògùn ń ṣàn, igbó àti ọ̀dàn yí ìlú ká, bí ọyẹ́ bá sì ti ń mú, ilẹ̀ a gbẹ fún ẹni tí ó fẹ́ sáré títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi dé. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀nà tí àwọn aláṣẹ gbà ń ṣètò ìgbafẹ́, a ó rò pé ọjọ́ ọdún nìkan ni ó ń wu ènìyàn láti na ẹsẹ̀.

Èyí tí àríyànjiyàn rẹ̀ dùn mọ́ mi jùlọ ni ti ẹ̀rọ agbénigòkè tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Olúmọ nígbà àtúnṣe ọdún 2006. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ gun òkè náà yóò gba orí àtẹ̀gùn tí a gbẹ́ sí ara òkúta, yóò tẹ orí ba ní ibi tí àpáta ti fún ọ̀nà, yóò sì dúró ní ihò tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí, níbi tí afinimọ̀nà yóò ti na ìka sí àwọn kòtò kéékèèké tí wọ́n ní àwọn tí ogun lé ń lọ nǹkan sí. Ẹni tí ẹ̀rọ gbé lọ sókè kàn rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà àti odò lókèèrè ni, kò gba ojúlé àwọn tí ó gba ìlú là kọjá. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ̀rọ náà a dáhùn pé ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn ńkọ́, tàbí ẹni tí kò lè rìn? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, tọ̀tún tòsì ni mo sì rí òtítọ́ níbẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe fún ọ̀dọ́ àdúgbò Ìkìjà àti Ìtòkò, tí ó ń jí rí àpáta láràárọ̀, tí yóò sì san owó kí ó tó lè fi ọwọ́ kàn án.

Àwọn kan a tún di ẹ̀bi ru àwọn onísìn ìbílẹ̀, wọ́n á ní ojúbọ tí ó wà ní Olúmọ ni kò jẹ́ kí ìgbafẹ́ gbilẹ̀. Èmi kò gbà á. Nígbà tí ìsìn fi ìdí múlẹ̀ ju báyìí lọ ni àwọn ọ̀dọ́ ń ja ẹkẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, tí àwọn ọmọdé sì ń ṣeré òṣùpá ní agbo ilé.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí orí òkè: ní ọdún 2006 kan náà tí wọ́n tún Olúmọ ṣe ni ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè. Àdúgbò Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta ní pápá ìṣeré tirẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ MKO Abíọ́lá. Ṣùgbọ́n ìṣe ọ̀pọ̀ pápá ìjọba nílẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: bí àlejò bá ń bọ̀, ọ̀dà tuntun, bí àlejò bá lọ, àgádágodo. Ẹni tí ó fẹ́ sáré ní ìdájí Ọjọ́rú, ojú títì tí ọ̀kadà ti ń fọn fèrè lé e lórí ni yóò ti sá a. Àwọn ọmọ tí bọ́ọ̀lù ń wù sì ti fi òkúta méjì ṣe òpó ní ẹnu ọ̀nà ilé onílé. A kì í wà létí odò kí á máa fi itọ́ sanwọ́.

Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ kí ọmọ àdúgbò gun Olúmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí wọ́n ṣe ọwọ́ irin tí ó lágbára sí ibi tí òkúta ti ń yọ̀ nígbà òjò, kí ọ̀nà eré sísá inú pápá ìjọba sì wà ní ṣíṣí láti ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìtòsí irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ káńsílọ̀ yín kí ìbò mìíràn tó dé.