Ìsọdọ̀tun BIOS àti Pípààrọ̀ Processor nínú Láptọ́ọ̀pù Àlòkù: Ìtọ́nà fún Àwọn Olùkọ́ni

Àṣamọ̀

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kò ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wa. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yára sí i nípa sísọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun àti pípààrọ̀ processor rẹ̀. Dell Latitude E6430 ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kókó tí a gbé kalẹ̀ ni pé bí a ṣe to iṣẹ́ náà tẹ̀ lé ara ṣe pàtàkì ju owó tí a ná lọ. Àyẹ̀wò ló kọ́kọ́ yẹ kí ó wáyé, BIOS ni ó tẹ̀ lé e, processor ni ìgbẹ̀yìn.

Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ kan tí ó ń kó máàkì igba akẹ́kọ̀ọ́ NCE jọ sínú Excel. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì kan, yóò dúró títí kí ẹ̀rọ tó dáhùn. Bí ó bá tún ṣí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, fáànù yóò máa ké, gbogbo nǹkan yóò sì dúró gbagidi. Owó oṣù kò tó ra tuntun. Ẹnìkan wá sọ fún un pé kí ó ra processor i7 kí ó fi rọ́pò i5 tó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí lè dára, ó sì lè sọ láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ di òkú, kí máàkì igba akẹ́kọ̀ọ́ sì há sínú rẹ̀. Ohun tí ó ya àbájáde méjèèjì sọ́tọ̀ ni a fẹ́ yànàná rẹ̀ níhìn-ín.

Processor àti BIOS

Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò. BIOS ní tirẹ̀ jẹ́ ètò kékeré tí a kọ sínú ṣíìpù kan lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ. Bí a bá tan láptọ́ọ̀pù, BIOS ló kọ́kọ́ jí. Yóò wo irú processor tó wà níbẹ̀, yóò yẹ RAM àti díìsìkì wò, kí ó tó fa iṣẹ́ lé Windows tàbí Linux lọ́wọ́.

A lè fi BIOS wé oníbodè. Bí àlejò bá dé tí oníbodè kò sì mọ̀ ọ́n, ẹnubodè kò ní ṣí. Bákan náà, processor lè wọ ojú ìtẹ̀bọ̀ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí BIOS kò bá ní àlàyé nípa rẹ̀, ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn biribiri.

ThinkPad T420, tí ó jáde ní 2011, àti Latitude E6430, tí ó jáde ní 2012, ní irú ojú ìtẹ̀bọ̀ kan náà. Processor Intel ìran kẹta yóò wọ inú T420, ṣùgbọ́n BIOS tí Lenovo ṣe fún un mọ ìran kejì nìkan. Ẹni tó bá ra i7 ìran kẹta fún un ti fi owó ṣòfò. Ní ti Latitude D630 tó jáde ní 2007, ẹni tó bá fẹ́ fi Core 2 Duo T9300 ti ọdún 2008 sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi BIOS tuntun sí i.

Àyẹ̀wò kí a tó náwó

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé processor ni ó ń fa ìlọ́ra náà? Nínú Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ sì máa ṣe iṣẹ́ yín bí ẹ ti ń ṣe é. Bí díìsìkì ni ó wà ní 100%, SSD ni kí ẹ rà. Bí RAM ni ó kún, RAM ni kí ẹ fi kún un. Àyàfi bí CPU nìkan bá ń wà ní 100% lemọ́lemọ́ ni ọ̀rọ̀ processor tó yẹ kí ó wáyé.

Ìbéèrè kejì ni pé, ṣé processor náà ṣeé yọ? Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Èyí tí ó ní U tàbí HQ ni a ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò ṣeé pààrọ̀ nílé. M, QM àti MQ sábà máa ń ṣeé yọ, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn náà wà tí a jó mọ́ bọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ ṣí ìdí ẹ̀rọ wò kí ẹ tó rajà. Láti ìran karùn-ún síwájú, jíjó ni Intel ń jó gbogbo processor láptọ́ọ̀pù mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè kẹta jẹ́ ti ooru. Processor i5-3320M ní core méjì, ó sì ń lo 35 wáàtì. Processor i7-3612QM ní core mẹ́rin, 35 wáàtì náà ni tirẹ̀. Nítorí èyí, fáànù àti cháájà tó wà nílẹ̀ lè gbé e. Ẹni tó bá lọ ra èyí tó ń lo 45 wáàtì lè rí i pé ẹ̀rọ ń gbóná, ó sì ń dín ìyára ara rẹ̀ kù. Àǹfààní tí kò dé ọwọ́ nìyẹn.

Sísọ BIOS dọ̀tun

Processor àtijọ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí a bá ti fi èyí tí BIOS kò mọ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní tàn mọ́ tí a ó fi rí ọ̀nà ṣàtúnṣe.

Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí díìsìkì mìíràn. Bí BitLocker bá wà lórí ẹ̀rọ, ẹ dá a dúró ná, kí ó má baà béèrè kọ́kọ́rọ́ ìmúpadà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ F2, kí ẹ kọ nọ́ńbà BIOS tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ sí ojúlé Dell fúnra rẹ̀, ẹ fi Service Tag tó wà nídìí láptọ́ọ̀pù wá BIOS tirẹ̀ gan-an. BIOS ẹ̀rọ mìíràn kì í ṣe oògùn fún tiyín, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn.

Ewu tó tóbi jù níhìn-ín ni kí iná lọ nígbà tí ìkọ̀wé sínú ṣíìpù ń lọ lọ́wọ́. BIOS tí a kọ dé ìdajì kò lè jí ẹ̀rọ. Nítorí náà, bátìrì tó kún dáadáa gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ, kí cháájà sì wà lójú iná. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé iná tààrà ló ń lò, kò gbọdọ̀ dán an wò. Kí ó kọ́kọ́ wá bátìrì yá. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun títí ẹ̀rọ yóò fi pa ara rẹ̀, tí yóò sì tún tàn.

Pípààrọ̀ processor

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ cháájà àti bátìrì, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ẹ fọwọ́ kan irin kan kí iná ara yín lè jáde. Ẹ ṣí ìdí ẹ̀rọ, ẹ tú irin tí ń gba ooru, kí ẹ máa tú àwọn ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọra.

Ẹ yí ìdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìtẹ̀bọ̀ sí ibi tí àmì ìṣísílẹ̀ wà, kí ẹ gbé processor sókè gbọọrọ. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ 988 ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹ wo àmì onígun mẹ́ta tó wà ní igun tuntun náà, kí ẹ fi ṣe déédéé pẹ̀lú ti ojú ìtẹ̀bọ̀. Yóò jókòó fúnra rẹ̀. Ẹ má tì í rárá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ìdè náà padà.

Ẹ fi òwú àti sípírítì nu lẹ́ẹ̀ àtijọ́ kúrò lára irin, ẹ fọn eruku inú fáànù dànù, kí ẹ sì kán lẹ́ẹ̀ agbóoru tuntun tó tó hóró ìrẹsì sí àárín processor. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí ẹ sì tẹ F2, orúkọ processor tuntun yẹ kí ó hàn. Bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ dá ti àtijọ́ padà. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ta á kí iṣẹ́ tó parí.

Ibi tí agbára àtúnṣe yìí mọ

Òtítọ́ kan wà tí àwọn ontàjà kì í sọ. Windows 11 ń béèrè processor Intel ìran kẹjọ sókè. Processor tuntun inú E6430 ṣì jẹ́ ìran kẹta, nítorí náà kò lè sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí Microsoft gbà fún Windows 11. Àtìlẹ́yìn Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú ẹ̀rọ yìí pẹ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá fi Linux sí i.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Láptọ́ọ̀pù àlòkù ṣì lè sin olùkọ́ fún ọdún díẹ̀ sí i, bí a kò bá kánjú. A dábàá pé kí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní títú àti títò ẹ̀rọ lórí láptọ́ọ̀pù tó ti kú ná, kí ọwọ́ wọn tó kan èyí tó yè. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ tún mẹ́wàá ṣe, kí ó fi ẹyọ kan dánwò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó ra processor mẹ́sàn-án yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ pé oníbodè gbọ́dọ̀ mọ àlejò kí àlejò tó dé, yóò kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ náà láti yẹ nǹkan wò kí wọ́n tó tú u.