Ibi Tí Ọmọbìnrin Yóò Máa Sùn

Bí yunifásítì bá gba ọmọbìnrin yín, ẹ béèrè ibi tí yóò máa sùn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Ilé ibùgbé obìnrin kan níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth, tí ó bẹ Nàìjíríà wò ní 1956. Ní Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, orúkọ Mọremí, akọni obìnrin Ilé-Ifẹ̀, ni a fún ọ̀kan nínú tiwọn.

Ọmọ tí ń ti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Akọkà lójoojúmọ́, ojú ọ̀nà ni agbára rẹ̀ ń tán sí. Iṣẹ́ ilé sì ń dúró dè é. Ẹni tí ń gbé inú ọgbà ń ráyè kàwé lálẹ́. Ṣùgbọ́n yàrá kò tó: ẹ tètè béèrè.