Kì Í Ṣe Gbogbo Àbàwọ́n Ni Omi Ń Fọ̀

Omi a máa tú iyọ̀ àti ṣúgà, ó sì ń gbé òógùn kúrò lára aṣọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n da garawa mẹ́wàá sí epo, àbẹ́là tàbí gọ́ọ̀mù, ńṣe ni yóò máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Ohun tó bá bá omi tan, omi ló ń tú u. Ohun tó bá bá epo tan, epo tàbí ọmọ ìyá epo ló ń tú u. Ọṣẹ ló ń ṣe alágbàwí láàárín àwọn méjèèjì: apá kan rẹ̀ ń di epo mú, apá kejì ń di omi mú, omi á sì rí epo gbé lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìgò oògùn kankan, ó yẹ kó mọ ohun tó dá àbàwọ́n náà sílẹ̀.

Lára gọ́ọ̀mù tó ń kù sí ìgò lẹ́yìn tí wọ́n bá ya ìwé orí rẹ̀ ló ti rọrùn jù láti rí i pé epo ló ń tú ohun tó bá epo tan. Bí ìgò bá wà nínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìdajì wákàtí, ìwé á rọ̀, á sì bó, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù á kù, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi dúdú. Òróró ìdáná ló kàn. Wọ́n á nu ìgò gbẹ, wọ́n á fi òróró díẹ̀ pa ojú ibẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Òróró á wọ inú gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù á wú, á rọ̀, á sì jọ̀wọ́ ara ìgò. Àkísà á nù ún, ọṣẹ á kó òróró lọ. Òróró kì í pa ọwọ́ lára, kì í sì í tètè gbiná, àmọ́ ó lè kó àbàwọ́n tirẹ̀ bá aṣọ, bébà àti pákó tí wọn kò kùn.

Èèpo ọsàn yá ju òróró lọ. Bí èèyàn bá fún èèpo tútù sí ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là, iná náà á ta pàràpàrà, nítorí epo inú èèpo náà. Ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 epo yìí lọ ni limonene, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pò mọ́ oògùn tí ń ṣí gírísì àti gọ́ọ̀mù. Ó máa ń jẹ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ oúnjẹ, nítorí náà kò yẹ kó kàn án.

Kẹrosíìnì ni àwọn mẹkáníìkì fi ń ṣí gírísì lọ́wọ́, òun náà ni àwọn akunlé fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà elépo. Ó ń ṣí ìyókù ṣingọ́ọ̀mù lára aṣọ pẹ̀lú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé yìnyín lé e kó lè le, kó sì ṣeé ha. Ọṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, torí kẹrosíìnì ń rùn, ó sì ń mú ara gbẹ. Bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀ láé. Kẹrosíìnì gidi kì í tú èéfín tó lè gbiná títí ooru yóò fi dé nǹkan bí 38°C; ti bẹntiróòlù ti ń gbiná ní nǹkan bí 40°C sísàlẹ̀ òdo. Èyí tí wọ́n bá sì lú bẹntiróòlù mọ́, bíi bẹntiróòlù ló ń ṣe.

Sípíríìtì ló mọ iṣẹ́ báírò. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ àbàwọ́n, wọ́n á fi òwú tó rin sípíríìtì tẹ̀ ẹ́ láti etí wọ àárín kó má bàa tàn, wọ́n á sì máa pààrọ̀ aṣọ ìsàlẹ̀ bó ṣe ń mu yíǹkì. Acetone, tó wà nínú ọ̀pọ̀ omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ló ń tú súpà gúlù. Ó ń jẹ oríṣiríṣi ike, ó sì ń yọ́ aṣọ tí wọ́n fi acetate hun. Etí aṣọ tó fara pamọ́ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò.

Àwọn àbàwọ́n kan wà tí títú nìkan kò ká. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, torí omi gbígbóná ń sè é mọ́ aṣọ bí ẹyin. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń bá ìpẹtà jà nítorí kíkan rẹ̀. Ní ti epo pupa, ọṣẹ á kó epo lọ, àwọ̀ olómi ọsàn á kù. Oòrùn ló ń ṣá a.

Ojú fèrèsé tó ṣí, tó sì jìnnà sí iná, ni kí iṣẹ́ yìí ti wáyé. Bílíìṣì kò gbọ́dọ̀ pàdé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, torí gáàsì chlorine olóró ni yóò jáde. Kẹrosíìnì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, kí wọ́n má ṣe fún un ní epo pupa, kí wọ́n má sì jẹ́ kó bì, nítorí inú ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì ti ń ṣọṣẹ́ jù, èébì ló sì lè gbé e débẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíá, pẹ̀lú ìgò tó mu nínú rẹ̀.