Ta Ló Wádìí Edward Wò?

Díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi gbá ara wọn létí nítorí ọkùnrin kan tí kò sí láyé. Edward Cullen lorúkọ rẹ̀. Inú ìwé Twilight ló wà, èyí tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Stephenie Meyer, gbé jáde ní 2005. Ẹ̀jẹ̀ ni Edward ń mu, àmọ́ òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti fi ti ènìyàn sílẹ̀, ti ẹranko igbó ni wọ́n ń wá kiri. Bella, ọmọ ọdún 17, bá a pàdé nílé ìwé ní Forks, ìlú kékeré kan tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá, ìfẹ́ sì kó sí i lórí. Ìwé mẹ́rin ni ìtàn náà gbà kó tó parí ní 2008, iye tí wọ́n sì ti tà káàkiri ayé lé ní 100 mílíọ̀nù.

Agbabu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Agbabu tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀dà bítúmẹ́nì. Ìlérí tí wọ́n ti ṣe fún wa lórí ọ̀dà yẹn, láti nǹkan bí 1908 tí àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́lẹ̀ wá a ní agbègbè wa, pọ̀ ju èyí tí Edward ṣe fún Bella lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bá dé. Ẹ̀dà Twilight tiwa kò ní èèpo iwájú mọ́. Tòkunbọ̀ ni, orí tapólì ni ọ̀kan nínú wọn ti rà á ní Òrè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń kà á sókè, àwọn yòókù á máa ṣẹ́ etí aṣọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àríyànjiyàn ti dé nìyẹn. N kì í bá wọn wí. Èmi náà, abẹ́ ìwé ìṣirò ni mo ti ka Pacesetters, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1977. Nígbà tí mo ń ka Evbu My Love ti Helen Ovbiagele, ìyá mi pè mí jẹun títí, n kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi bá Edward jà. 1901 ni wọ́n bí i. Àrùn flú ọdún 1918, èyí tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó tó sì pa ènìyàn rẹpẹtẹ níhìn-ín náà, ló dá a wó ní Chicago kí wọ́n tó sọ ọ́ di amùjẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdún 17 kò kúrò lára rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣírò rẹ̀, ó kígbe pé: "Ọ̀gá, ẹ gbọ́! Bàbá bàbá wa ni ọkùnrin yìí o! Bella ò tiẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, 'ìwọ' ló ń pè é!" Ẹnìkan dá a lóhùn pé: "Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní kíláàsì kan náà, ṣé ìwọ á máa kúnlẹ̀ fún un?" Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí wọ́n fi rán apá bùbá oníbàárà sódì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan ibi tí Edward ti ń yọ́ wọ yàrá Bella lóru láti máa wò ó bó ṣe ń sùn. Bàbá ọmọ, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, wà nínú ilé, kò mọ̀. Àwọn kan ní ìfẹ́ ni, àwọn kan ní olè ni. Lẹ́yìn àwọn tó pe olè ni mo wà. Ní Agbabu, wọ́n á ti nà án kó tó ráyè ṣàlàyé. Síbẹ̀ mo mọ ohun tí àwọn ìyókù rí. Edward fúnra rẹ̀ sọ pé òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin yìí ń gbẹ òun ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ó sì kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọmọ tó ti kiri búrẹ́dì láàárín mọ́tò ní Òrè, lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní, mọ bí ojú ọkùnrin ṣe ń rí. Ọkùnrin tó lágbára láti pa á lára, tó kọ̀ tí kò ṣe é, kì í pọ̀ ní gáréèjì.

Amùjẹ̀ kò wuyì báyìí rí. Nínú Dracula tí Bram Stoker, ará Ireland, kọ ní 1897, ńṣe ni wọ́n dọdẹ rẹ̀ títí wọ́n fi pa á. Ní 1976, Anne Rice náà kọ ìwé tó fún irú wọn lẹ́nu láti ròyìn ìbànújẹ́ ara wọn. Meyer ló wá sọ wọ́n di arẹwà ọmọ ilé ìwé: bí oòrùn bá tàn sí wọn, wọn kì í jóná, ńṣe ni ara wọn ń kọ mànà bí léèsì olókùúta.

Àwọn àgbà tiwa kò gba irú arẹwà bẹ́ẹ̀ gbọ́. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi ọ̀kan sínú The Palm-Wine Drinkard ní 1952: ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkọ tí bàbá rẹ̀ mú wá, ó wá tẹ̀lé arẹwà kan kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ti ń wọ igbó lọ ni arẹwà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni ín, títí tó fi ku agbárí nìkan. Àkúdàáyà tún ńkọ́? Ẹni tó kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó lọ tẹ̀dó sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣòwò, tó fẹ́yàwó, tó bímọ. Ọjọ́ tí ará ìlú rẹ̀ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ó pòórá nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nínú ìtàn méjèèjì kò ju pé ẹnikẹ́ni kò ṣe ìwádìí. Ọmọ ta ni? Àìsàn wo ló wà ní ìdílé wọn? Ta ló mọ ìyá rẹ̀? Ṣùgbọ́n Bella wádìí o! Ẹnu Jacob, ọmọ ẹ̀yà Quileute, ló ti gbọ́ ìtàn àwọn ará ilé Edward, ó tún wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ tán, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tan ọmọbìnrin inú ìtàn tiwa jẹ ni, a lè káàánú rẹ̀. Ti Bella ni àwọn ọmọ mi kò rí ibi tí wọn yóò gbé e sí, ohun tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn gan-an nìyẹn.

Mo gbé Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 fún wọn kí ara wọn lè balẹ̀. Ọ̀kan ní ṣé ìwé ogun ni, torí ọmọ Òrè ni, ó ti ń gbọ́ "ó le kú, ìjà Òrè" láti kékeré, ti 1967 tí wọ́n dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró níbẹ̀. Ìwé ìfẹ́ ni. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni ìyá rẹ̀ ń yọ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wálé. Òun náà ń ti ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Lọlá, ó ń ti ọ̀dọ̀ Lọlá bọ́ sọ́dọ̀ Ṣadé. Ara wọn kò balẹ̀ rárá. "Edward, ẹranko ló ń pa," ni ọ̀kan wí. "Àjàní ńkọ́?"

Ibi tó le jù ni ìwé kẹrin nínú ìtàn Twilight, níbi tí Jacob, tó máa ń di ìkookò, ti rí ọmọ tí Bella ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí ọkàn rẹ̀ sì so mọ́ ọn pé tòun ni títí ayé. Wọ́n pariwo débi pé ìyá àgbàlagbà kan tó wá gba ìró rẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún un.

"Kí ló wá burú níbẹ̀?" ni ìyá wí. "Ọmọ ọwọ́ lèmi náà tí wọ́n ti wá fẹ́ mi sílẹ̀. Iṣu ni wọ́n ń gbé wá fún bàbá mi lọ́dọọdún."

"Ẹ wá fẹ́ ẹ, Màámá?"

"Mo fẹ́ ẹ kẹ̀? Mo sá lọ sí Okitipupa!" Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí wọ́n wá ibi tí ọmọ náà ti dàgbà nínú ìwé, kí wọ́n kà á fún òun, kí òun mọ̀ bóyá òun náà máa sá.