Lunik: rọ́kẹ́ẹ̀tì orí àtẹ tí àwọn amí Amẹ́ríkà jí tú wò lóru

Láàárín ọdún 1959 sí 1960, ìjọba Soviet gbé ìpàtẹ ńlá kan káàkiri orílẹ̀-èdè mélòó kan láti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han aráyé. Lunik, apá òkè rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ẹ̀rọ lọ sí òṣùpá, wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ. Wọ́n gbé e ka orí pèpéle, ọ̀dà tuntun ń dán lára rẹ̀, wọ́n sì gé fèrèsé sí imú rẹ̀ kí èrò lè yọjú wo inú.

Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi yangàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1959, ẹ̀rọ wọn Luna 2 já lu òṣùpá, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe tó débẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Nikita Khrushchev, olórí Soviet, fi gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, tó sì fi ẹ̀dà bọ́ọ̀lù onírin tí Luna 2 gbé lọ ta Ààrẹ Eisenhower lọ́rẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán àwọn àwòṣe nígbà náà nìyẹn: kí ẹni tó bá rí wọn mọ ẹni tó wà níwájú. Èyí tí wọn kò fẹ́ kéèyàn mọ̀, wọn kì í gbé e síta. Yuri Gagarin fi ọkọ̀ Vostok yí ayé po ní 1961, àmọ́ ó di 1965 kí aráyé tó fojú rí bí ọkọ̀ náà ṣe rí gan-an.

Nítorí irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, gbà pé àwòṣe lásán ni Lunik. Àwọn kan fura. Nígbà tí ìpàtẹ parí níbì kan, wọ́n yọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ojúlówó ni; ẹ́ńjìnnì àti púpọ̀ nínú ohun èlò iná rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti òṣùpá. Ara rọ́kẹ́ẹ̀tì R-7, tí wọ́n ṣe láti ju bọ́ǹbù átọ́míìkì dé Amẹ́ríkà, ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Luna ti wá. Ẹni tó bá wọn táǹkì epo Lunik lè ṣírò agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ lè mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti iye tí wọ́n ti ṣe. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti wúwo jù: nítorí nọ́ńbà wẹ́wẹ́ ni wọ́n ṣe dá ohun tó lè dìjà láàárín ìjọba méjì láṣà.

Mẹ́síkò ni àwọn amí CIA ti jí Lunik. Wọ́n ṣètò kí Lunik wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà sí ibùdó rélùwéè. Wọ́n dá dírẹ́bà dúró lójú ọ̀nà, wọ́n mú un lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹlòmíràn sì wa ọkọ̀ náà lọ sí ibi àlòkù irin kan tí ọgbà rẹ̀ ga. Ọmọ Soviet tó ń ka ẹrù kò ní àkọsílẹ̀ ohun tó yẹ kó dé. Nígbà tí kò rí ọkọ̀ mọ́, ó lọ jẹun, ó sì lọ sùn.

Amí mẹ́rin ló ṣí òrùlé àpótí onípákó tí wọ́n di Lunik sí, tí wọ́n sì fi àkàbà okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn tó wọ apá imú bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ wọn má baà fi àpá sílẹ̀. Èdìdì oníke kan tó ní òǹtẹ̀ Soviet ni kò jẹ́ kí wọ́n dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti yẹ kó wà. Wọ́n gé e, wọ́n sì ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe irú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ṣe é. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n ti kan àpótí náà padà. Nígbà tí ọmọ Soviet náà fi dé ibùdó rélùwéè ní aago méje, ẹrù rẹ̀ ti ń dúró dè é.

Fọ́tò àti nọ́ńbà òru ọjọ́ náà fi ilé iṣẹ́ tó ṣe Lunik hàn, pẹ̀lú mẹ́ta tó ń ṣe ohun èlò iná rẹ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé èyí tó wà lórí àtẹ yẹn ni ìkarùn-ún tí wọ́n ṣe.